Ọjọ́ Tí Wọ́n Ń Gbé Àbẹ̀kẹ́ Lọ Sílé-ìwé

Sàkíráátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Múfútàù, ọmọ ọmọ èmi Sàláwù Télọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Oníkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tó gbọ́ ogun tó fò fẹ̀rẹ̀ bí ẹni gbọ́ pé ọ̀rẹ́ dé. Ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọgbẹ́ lẹ́yìn, iwájú gbangba ní í fi í gbọfà. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ogìyán, ọmọ Èjìgbò, ọmọ oníyán funfun tí kò ní kókó. Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí a bí sí Abíjàn tó wá sùn sí Èjìgbò.

Bí mo ṣe máa ń kì í láràárọ̀ nìyẹn nígbà tó wà láyé. Mo tún kì í báyìí kí ẹ lè mọ ẹni tí mò ń sọ. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀ṣọ́ kì í gbọgbẹ́ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ni ti Àbẹ̀kẹ́ ti bà á.

Mi ò kàwé lọ títí. Ìwé mẹ́ta ni mo kà ní Ìsùndúnrìn kí bàbá mi tó kú, tí wọ́n fi mú mi lọ sí Abíjàn lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ẹ má wo bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ náà, ohun tí mò ń sọ ni kí ẹ wò. Mò ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ń jí láràárọ̀ tó ń sọ pé inú ń run òun, tí inú náà á sì dákẹ́ bí agogo ilé-ìwé bá ti lù kọjá. Mò ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi pàṣán dá a lóhùn. Àìsàn ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àkẹ́jù. Ó ní ìtọ́jú, àwọn ọmọ kan sì ti là á já, mo fojú mi rí wọn lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Àbẹ̀kẹ́ tèmi náà ti ń là á já lọ.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa á mọ̀ pé kò sí agboolé tí kò ní èèyàn ní Abíjàn. Èmi náà ránṣọ níbẹ̀ títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun kí n tó gbé máṣíìnì mi wálé. Múfútàù ọmọ mi wà níbẹ̀ títí di òní, ẹ̀yà mọ́tò ló ń tà. Àṣà wa ni pé bí ọmọ tí a bí sọ́hùn-ún bá ti ń dàgbà, a ó fi í ránṣẹ́ sílé kó wá mọ ilé, kó gbọ́ èdè, kó mọ ẹni tó bí bàbá ẹ̀. A kì í bi ọmọ náà léèrè. Bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù sínú mọ́tò ni wọ́n ń kó òun náà sí i. Báyìí ni Àbẹ̀kẹ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ èmi àti Sìdíkátù ìyàwó mi, ó gbé báàgì kan dání, ó ń pè mí ní Papí bí àwọn ọmọ ọ̀hún ṣe ń pe bàbá àgbà.

Ọmọ tó lẹ́nu ni nígbà náà o. Yorùbá ẹ̀ ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dúró. Tó bá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló máa ń bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ nítorí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Bí mo bá ní kí n gbìyànjú ẹ̀ fúnra mi, á ní, "Papí, abẹ́rẹ́ yìí ò sá lọ o, ẹ̀yin lẹ̀ ń lé e kiri." Àwọn oníbàárà á fi ẹ̀rín pa ara wọn. Àwọn mìíràn tí wọn ò ní aṣọ láti rán á wá jókòó nítorí ẹnu ẹ̀.

Ilé-ìwé ló gba ẹnu náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé lọ́hùn-ún. Wọ́n wá fi í sáàárín àwọn ọmọ tó kéré sí i, ó ga yọ láàárín wọn bí àgbàdo tó hù sínú oko ẹ̀pà. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Fátókun, òun ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ló ń na àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀. Ó ní kí Àbẹ̀kẹ́ dìde kó ka ìwé sókè. Ọmọ yìí fi ohùn Faransé kà á. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Fátókun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní, "Mèsí-bòkú, jókòó jàre." Bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ní Faransé nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò ní orúkọ mìíràn mọ́. Mèsí-bòkú lórí ìlà, Mèsí-bòkú nídìí omi ẹ̀rọ, Mèsí-bòkú lójú ọ̀nà. Wàsíù, ọmọ Rájí mọkáníìkì, á ti dúró sí géètì láàárọ̀ láti fi orúkọ náà pàdé ẹ̀.

Inú rírun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ni. Ó mu ògì, ó bì í. A ní ibà ni. Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó tún bì. Sìdíkátù se àgbo. Ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́mísì ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, ó gún un lábẹ́rẹ́. Bó bá di Sátidé, ara ẹ̀ á le koko, á fọ aṣọ gbogbo ilé. Bí ọ̀sán Sọ́ńdè bá ti ń rọ̀ ni ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lẹ́nu ẹ̀. Ìyá Ṣẹrí tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, ẹni tí kì í rí nǹkan kó má sọ ọ́, ní òun ò tíì rí ibà tó mọ Mọ́ńdè yàtọ̀ sí Sátidé rí, pé ibà ọ̀hún kàwé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Télọ̀ ni mí, ara èèyàn ni mo mọ̀ ọ́n wò. Èmi ni mo rán yunifọ́ọ̀mù ẹ̀. Bí a bá ń rán ti ọmọdé, a máa ń ká aṣọ sínú ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ìsàlẹ̀, kí a lè máa tú u bí ọmọ bá ṣe ń ga, bó bá ṣe ń sanra. Mi ò tú nǹkan kan nínú ti Àbẹ̀kẹ́. Gbígbà ni mò ń gbà á wọlé. Mo gbà á wọlé, mo tún gbà á wọlé, títí ojú rírán apá ọ̀tún fi fẹ́ẹ̀ kan ti òsì. Bó bá sì ti wọ̀ ọ́ láàárọ̀, màá rí òógùn tó ń yọ lẹ́yìn aṣọ náà, nígbà ọyẹ́ tí èmi fi súwẹ́tà bora. Ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní lè de bọ́tìnnì. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, "Papí, mi ò mọ̀. Bí mo bá ti rí géètì yẹn, ọkàn mi á máa sáré bí ẹni pé wọ́n ń lé mi. Mo ti fatigé." Fatigé ni wọ́n ń pe ó ti rẹ̀ mí lọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Nígbà tó yá, ó ń jáde nílé láàárọ̀, ṣùgbọ́n kì í dé ilé-ìwé. Ìyá Rábì, ìyá arúgbó tó ń gbá mọ́ṣáláṣí wa, ló bá a níbi tí àwọn obìnrin ti ń kírun, lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta síbẹ̀, ó fi báàgì ìwé rọrí. Ó ti ń lọ síbẹ̀ tipẹ́. Ìyá Rábì ò pariwo. Ó ra àkàrà fún un, ó fà á lọ́wọ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Sàláwù, ẹni tó sá wọ ilé Ọlọ́run, má fi pàṣán lé e jáde o." Ìyá yẹn nìkan ló sọ ohun tó dáa nípa ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú ilé kó tó dójú títì. Ó dé etí Àlhájì Bùráímọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ni olórí ẹbí wa. Wọ́n pe ẹbí jọ. Kálukú gbé oògùn tirẹ̀ wá. Ààfáà Kásálì kọ̀wé sórí wàláà, ó fọ̀ ọ́, Àbẹ̀kẹ́ ń mu omi tàdáwà náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Músílì àbúrò ìyàwó mi wá láti Ara, ó ní emèrè ni, pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń pè é. Ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti fá irun ẹ̀, tí wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́ ní àtàrí. Irun ọmọ yẹn gùn. Nígbà tó padà dé ilé-ìwé pẹ̀lú orí fífá, ẹ ò ní béèrè ohun tí ojú ẹ̀ rí. Àwọn kan ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀, pé ó fẹ́ kí wọ́n dá òun padà sí Abíjàn ni. Múfútàù bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe ọlọ́ríkunkun.

Mo sọ fún Àlhájì níwájú gbogbo ẹbí pé ara ọmọ náà ò yá, pé kí wọ́n wo bí aṣọ ṣe ń jábọ́ lára ẹ̀. Àlhájì ní, "Sàláwù, aṣọ lo mọ̀ ọ́n rán. Fi ọmọ sílẹ̀ fún àwa tí a mọ̀ ọ́n tọ́. Ọmọ Oníkòyí kì í sá. Kí wọ́n wá gbé e."

Ẹni tó bá kàwé nílẹ̀ wa mọ ohun tí "kí wọ́n wá gbé e" jẹ́. Bí ọmọ bá ń sá fún ìwé, olùkọ́ á ṣa àwọn ọmọkùnrin tó lágbára nínú kíláàsì àgbà. Wọ́n á wá sílé, ẹni méjì á di ọwọ́ mú, ẹni méjì á di ẹsẹ̀ mú, wọ́n á gbé e dojú sọ́run, wọ́n á máa kọrin gba àárín ìlú lọ. Àwọn èèyàn á jáde wò ó. Àwọn òbí á fún wọn ní búrẹ́dì. Àwa àgbà máa ń fi ṣẹ̀rín, nítorí wọ́n gbé púpọ̀ nínú wa bẹ́ẹ̀ rí, a sì ní òun ló sọ wá dèèyàn. Nínú ilé tiwa, bí ẹ̀gbọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ tán.

Mo mọ orúkọ àwọn tó wá. Wàsíù ọmọ Rájí, Kámọ́rù ọmọ Ìyá Oníṣu, Ṣẹ́gun tí ìyá ẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Dèmọ́lá ọmọ Jímọ̀ onírin. Wọ́n fà á jáde lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Wọ́n ń kọrin:

Ó lóun ò ní í lọ, a gbé e lọ,
Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀, a gbé e lọ.

Ìyá Ṣẹrí jáde, ó ń pàtẹ́wọ́ sí i. Àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè. Síkẹ́ẹ̀tì ọmọ náà ká sókè, mo ń fi ẹsẹ̀ arúgbó mi sáré tẹ̀ lé wọn, mo ń fà á wálẹ̀ kó má baà wà níhòòhò lójú gbogbo ayé. Àwọn èèyàn rò pé èmi náà ń bá wọn jó. Kí wọ́n tó dé géètì, Àbẹ̀kẹ́ ti tọ̀ sára. Àárín pápá tí gbogbo ilé-ìwé tò sí ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Orin mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Á jókòó sẹ́yìn máṣíìnì mi, á kọjú sógiri. Sìdíkátù á gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, eṣinṣin ni yóò jẹ ẹ́. Òwú wà nílẹ̀, abẹ́rẹ́ wà nílẹ̀, mo ń wá ojú abẹ́rẹ́ kiri, kò bú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń gé aṣọ, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Papí, bí mo bá kú, ṣé wọ́n ṣì máa gbé mi lọ síbẹ̀?"

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ní kó tutọ́ ẹ̀ dànù. Ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí.

Ìyáàfin Adéọtí ni mo sọ fún. Olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ilé-ìwé náà ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbọ́ ẹjọ́ ọkàn àwọn ọmọ. Ó wá rán búláòsì lọ́dọ̀ mi. Téèpù wà lọ́wọ́ mi, mo ń wọn apá ẹ̀, ni mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ sọ, ó bọ́ téèpù lára, ó ní ọ̀la la ó lọ sí ọsibítù, pé òun máa bá wa lọ.

Ìlú mìíràn ni ọsibítù náà wà. A kúrò nílé kí oòrùn tó yọ, síbẹ̀ a bá èrò tó ti tò síwájú wa. Ọkùnrin tó ń gba káàdì béèrè ibi tí à ń lọ, Ìyáàfin Adéọtí rọra sọ fún un, òun wá fi ohùn rara pè é jáde pé, "Àwọn ti ọpọlọ? Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún." Gbogbo ìlà yíjú wò wá. Sìdíkátù fi ìjáàbù bojú kí ẹni tó mọ̀ wá má baà rí i. Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn náà, ọkùnrin kan ń bá ògiri jà, obìnrin kan so ọwọ́ ọmọ ẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Mo wo ọmọ ọmọ mi láàárín wọn, mo ní Ọlọ́run, ṣé ibi tí a dé nìyí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀sán pọ́n, wọ́n ní dókítà ti lọ, ká padà wá. A padà wá. Ọ̀kan nínú máṣíìnì mi ni mo tà tí a fi ń wọkọ̀, tí a fi ń ra oògùn. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Obìnrin ni dókítà náà, Fọlákẹ́ lorúkọ ẹ̀. Ó ní kí àwa àgbà jáde, kí òun àti Àbẹ̀kẹ́ nìkan jókòó. A pẹ́ níta. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, ọmọ náà ti sunkún tán, ojú ẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Dókítà kò fi Gẹ̀ẹ́sì dà mí láàmú. Ó ní, "Bàbá, ìbẹ̀rù náà ti di àìsàn sí i lára. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá dá, ẹ ò ní ní kó sáré kó lè san. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa mú un padà, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló sì máa fi rìn ín. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e mọ́."

Mo yíjú sí Àbẹ̀kẹ́ níwájú dókítà, mo ní wọn ò ní í gbé e mọ́.

Bí a ṣe ṣe é rèé, kí ẹ lè ṣe é fún tiyín. A ń lo oògùn tí dókítà fún wa, a kì í fò ó. Láàárọ̀, èmi àti òun á jọ rìn dé ọ̀dọ̀ Làtí fọkanáísà, a ó padà. Nígbà tí ọkàn ẹ̀ ò sáré mọ́ níbẹ̀, a rìn dé ìdí igi kajú. Lẹ́yìn náà, iwájú géètì, nígbà tí àwọn ọmọ ti wọ kíláàsì tán. Bó bá ń gbọ̀n, a ó dúró títí yóò fi rọlẹ̀. Àwọn tó ń kọjá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní arúgbó àti ọmọ ń ṣọ́ géètì tí kò sẹ́ni tó háyà wọn. Ọjọ́ kan ló dédé wọlé fúnra ẹ̀, ó lọ tààrà sí ọ́fíìsì Ìyáàfin Adéọtí, ó jókòó.

Ibẹ̀ ló ti ń kàwé láti ọjọ́ náà. Ìyáàfin Adéọtí ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́tìnnì aṣọ ọmọ kan já níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ yọ abẹ́rẹ́ nínú báàgì ẹ̀, ó rán an. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mìíràn wá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ọmọbìnrin kan wà, Bùsáyọ̀, tí kì í ní bọ́tìnnì tó já, á fọwọ́ ara ẹ̀ já a kó lè rí ohun bá wá. Òun ló bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun ní Faransé. Àbẹ̀kẹ́ dé ilé lọ́jọ́ náà, ó jẹ ẹ̀bà, ó tún bù sí i. Mo gbé yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ sórí tábìlì, mo tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ìgbà tí mo ti rán an, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Iléyá dé. Àwọn ará Abíjàn wọ̀lú bí wọ́n ti máa ń ṣe, Múfútàù wà nínú wọn. Ẹran tí a pa kò tíì jiná tí wọ́n ti sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó wá ní, "Bàbá, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kí n máa sọ lọ́hùn-ún nìyẹn? Pé mo rán ọmọ mi wálé, ó ń lọ sọ́sibítù wèrè, ó ń rán bọ́tìnnì ní ọ́fíìsì tíṣà?" Mo ní ara ẹ̀ ló ń yá bẹ́ẹ̀. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún un. Àlhájì Bùráímọ̀ wà níjòókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ kó tó kàwé, yóò dàgbà tán, wọn yóò máa bẹ̀ ẹ́ kó tó jẹun nílé ọkọ.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tí ilé-ìwé fẹ́ẹ́ wọlé, Àbẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ ló lọ yunifọ́ọ̀mù ẹ̀. Ó ní, "Papí, lọ́la màá wọ kíláàsì. Bùsáyọ̀ ti ní òun máa gba àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ẹ̀yin ẹ kàn dúró sí géètì." Mo sáré lọ sọ fún Múfútàù. Ó ní kò burú, òun gbọ́. Ọjọ́ Túsìdè ni mọ́tò ẹ̀ ń padà sí Abíjàn, ó sì fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà parí kó tó lọ. Òun àti Àlhájì ti rí Fátókun láti ọjọ́ Jímọ̀. Wọn ò sọ fún mi.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, Àbẹ̀kẹ́ jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, kò bì í. Ó de gbogbo bọ́tìnnì aṣọ ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń so okùn bàtà. Mo wọlé lọ mú fìlà mi. Mo ń jáde bọ̀ ni mo gbọ́ orin láti òpópónà. A gbé e lọ, a gbé e lọ. Àbẹ̀kẹ́ ti dìde. Ó wò mí. Ó ní, "Papí, ẹ ní wọn ò ní í gbé mi mọ́."

Kí n tó la ẹnu, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo ké sí àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n dúró, orin ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n pín ara wọn, wọ́n ń lé e bí ẹni lé ewúrẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Wàsíù ń ké Mèsí-bòkú. Múfútàù dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Àlhájì, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Àbẹ̀kẹ́ já sí títì. Típà tó kó iyanrìn ń bọ̀, Làmídì ló ń wà á, ọmọ ìlú wa ni, kò sáré. Ọmọ náà ń wẹ̀yìn wo àwọn tó ń lé e, ó tún kọjú síwájú. Ẹ̀yìn ni mọ́tò náà ti bà á.

Ìyá Ṣẹrí ló rí gbogbo ẹ̀. Òun ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú iyanrìn, tó gbé orí ẹ̀ lé itan. Òun náà ló sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún mi. Gbogbo wa rò pé ilé-ìwé ni Àbẹ̀kẹ́ ń sá fún lọ́jọ́ náà. Ìyá Ṣẹrí ní rárá, pé apá ọ̀hún ni ọmọ náà dojú kọ, pé ó ń pe Ìyáàfin Adéọtí. Ilé-ìwé ló ń sá lọ.

Àlhájì ní kádàrá ni. Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn. Mo kàn bi wọ́n pé ta ló rán àwọn ọmọ náà níṣẹ́.

Èmi ṣì wà láyé. Mo ṣì ń ránṣọ, ṣùgbọ́n mi ò gba yunifọ́ọ̀mù mọ́. Àwọn ìyá ọmọ á gbé e wá, màá ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bùsáyọ̀ máa ń wá bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Wàsíù kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ọmọdé lòun náà, àgbà ló rán an. Fátókun ṣì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá kan láti Ìsùndúnrìn mú ọmọ ẹ̀ wá bá mi, ó ní ó ń bì láràárọ̀, pé wọ́n ti ní kí wọ́n wá gbé e. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ Dókítà Fọlákẹ́. Ọmọ yẹn ti ń dé ìdí igi kajú tirẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá ní irú ẹ̀ nílé, ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí. Ẹ mú un lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ gbé e, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yín, bí ẹni náà bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín pàápàá.

Ìyá Rábì ló ṣíwájú àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Àlàárì àti òfì kọ́ ni wọ́n ń wọ̀ fún òkú tiwa, aṣọ funfun tí a kì í rán ni. Èmi ni mo gé e. Mi ò lo téèpù, mo mọ bó ṣe ga tó, mo mọ bó ṣe fẹ̀ tó, mi ò ká nǹkan kan sínú. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e láti ojúlé wa. Múfútàù wà nínú wọn. A gba ọ̀nà ibi tí a máa ń rìn láàárọ̀, a kọjá ọ̀dọ̀ Làtí, a kọjá ìdí igi kajú. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọrin.

A sin Sàkíráátù Àbẹ̀kẹ́ ní Èjìgbò, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọjọ́ Mọ́ńdè kan náà.